Orúkọ Mi Ló Wà Lórí Ìwé Ẹ̀rí

Èmi ni mo lọ síbi tí wọ́n ti kọ́ni bí a ṣe ń lo oògùn oko. Èmi ni mo ṣe ìdánwò, èmi ni mo yege, orúkọ mi ni wọ́n sì kọ sórí ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n títí di ìgbà náà, n kò gbé pọ́ǹpù oògùn kọ́ ẹ̀yìn rí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń gbé e, òun pẹ̀lú àwọn alágbàṣe méjì tó wá láti ìhà Kútọnu. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹnikẹ́ni kọ́ ní ohunkóhun. Ní àsìkò òjò ọdún 2022, oògùn wọ ọmọ náà lára, ó sì kù díẹ̀ kí a sin ín. Ẹ̀bi mi ni. Mo ti sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, mo ti sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ wa, mo wá fẹ́ sọ ọ́ níbi tí àwọn tí n kò mọ̀ yóò ti kà á, nítorí ó dá mi lójú pé èmi nìkan kọ́ ni olóko tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Oko kòkó wa wà ní agbègbè Ìdànrè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Bàbá mi ló gbìn ín. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, Gammalin 20 ni oògùn tí gbogbo oníkòkó mọ̀. Òun ni wọ́n fi ń pa kòkòrò tó máa ń fa omi ara igi kòkó títí ẹ̀ka á fi gbẹ. Igi ni Bàbá fi ń pò ó nínú garawa. Bí ẹnu pọ́ǹpù bá dí, á gbé e sẹ́nu, á fẹ́ ẹ. Àwọn mìíràn a máa dà á sódò láti fi pa ẹja, a ó sì ra ẹja náà jẹ. Lindane ló wà nínú Gammalin, oògùn tó máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀, tó sì máa ń ba sínú ọ̀rá ara ènìyàn. Ọdún 2009 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn Stockholm fi í kún àwọn tí oko gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Kó tó di ìgbà náà, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, òfin ilẹ̀ Yúróòpù lórí ìwọ̀n oògùn tó lè ṣẹ́kù sára oúnjẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú kòkó wa, ni àwọn tó ń rà á bá ń béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ oògùn tó fín àti bó ṣe fín in.

Ṣùgbọ́n Bàbá mi gbó, ó tọ́, kó tó kú. Ohun tí ìyẹn kọ́ àwa ọmọ rẹ̀ ni pé oògùn kì í ṣe ẹni tó bá ti mọ́ lára ní nǹkan kan. Ẹ̀kọ́ burúkú ni. Mélòó nínú àwọn ẹgbẹ́ Bàbá ni oògùn pa, tí a ní ayé ló ṣe wọ́n?

Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìyẹn wà lára ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa wọ inú ètò kan tí àwọn tó ń ra kòkó gbé wá. Ẹni tó bá tẹ̀lé ìlànà wọn, wọn á fi owó díẹ̀ lé iye tí wọ́n ń ra kòkó rẹ̀. Ìlànà náà ṣe kedere lórí oògùn. Ẹni tí a bá ti kọ́ nìkan ni kó fọwọ́ kàn án. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ náà ni aboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú. Wọ́n ní kí oko kọ̀ọ̀kan mú ẹni tó ń fín oògùn wá fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa tún un sọ nípàdé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń gbé pọ́ǹpù ni wọ́n ń pè o, kì í ṣe olóko."

Mo gbọ́. Orúkọ ara mi ni mo sì fi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà náà, láìbò ó mọ́lẹ̀. Àsìkò tí oògùn ń lọ lọ́wọ́ ni. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá fi jókòó sí gbọ̀ngàn, kòkòrò ń jẹ kòkó lọ́wọ́. Àwọn alágbàṣe sì lè máà padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Tí mo bá kọ́ wọn, oko ẹlòmíràn ni wọn yóò lọ fi ìmọ̀ náà ṣe. Èdè Ègùn ni wọ́n gbọ́ dáadáa, Yorùbá àti Òyìnbó ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò tíì pé ọdún 18, bí mo bá mú un lọ, wọn á béèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Owó ọkọ̀ tí wọ́n ń fún ẹni tó bá wá náà wọ̀ mí lójú. Lékè gbogbo rẹ̀, mo rò pé èmi ni mo mọ̀wé nínú wa. Èmi ni mo lè kọ ọ́ sílẹ̀, kí n wá sọ fún wọn.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà dára, àwọn tó kọ́ wa kò jẹ̀bi. Wọ́n kọ́ wa pé awọ ara ni oògùn ń gbà wọlé jù sára ẹni tó ń fín in. Àgbẹ̀ kì í rò bẹ́ẹ̀. Òórùn ló ń dà á láàmú, nítorí náà imú ló máa ń fẹ́ bò, á sì fi ẹ̀yìn lásán gbé pọ́ǹpù. Wọ́n ní awọ ara kò rí bákan náà níbi gbogbo: àtẹ́lẹwọ́ le, ṣùgbọ́n orí, iwájú orí, abíyá àti abẹ́ ọkùnrin ń fa oògùn bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń fa òjò àkọ́rọ̀. Pọ́ǹpù tó bá sì ń jò, ibẹ̀ gan-an ló ń jò lọ, láti ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ní ìgbà tó léwu jù ni ìgbà tí a ń wọn ògidì oògùn láti dà á sómi, nítorí kò tíì là nígbà náà. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni kí a lò, aṣọ á mu ún, á sì gbé e mọ́ni lára. Wọ́n fi àwọ̀ ìsàlẹ̀ ìwé ara ike hàn wá: pupa fún èyí tó burú jù, lẹ́yìn rẹ̀ àwọ̀ ìyeyè, lẹ́yìn rẹ̀ búlúù, lẹ́yìn rẹ̀ àwọ̀ ewé. Wọ́n ní a kò gbọ́dọ̀ yọ oògùn kúrò nínú ike tó bá wá, kí ìwé ara rẹ̀ má baà ya kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Wọ́n wá kọ́ wa ní ohun tí a ó ṣe bí oògùn bá mú ènìyàn. Bọ́ aṣọ rẹ̀. Fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́. Mú ìwé ara oògùn dání lọ sílé ìwòsàn. Má fún un ní mílíìkì, má fún un ní epo pupa. Ẹni tó ń kọ́ wa dúró pẹ́ lórí epo pupa, nítorí ọmọ ilẹ̀ wa ni, ó mọ ohun tí a máa ń ṣe. Ó ní epo kì í rọ oògùn, ó tilẹ̀ lè mú kí òmíràn tètè wọnú ara, ẹni tí kò bá sì mọ ara rẹ̀ mọ́ lè fa epo náà sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Nígbà tó yá wọ́n gbé pọ́ǹpù wá síta. Wọ́n ní kí olúkúlùkù rọ omi sí i, kó gbé e kọ́, kó fín in lọ fín in bọ̀, kó tú ẹnu rẹ̀, kó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Àwọn ọkùnrin ṣe é. Èmi ní ẹ̀yìn ń dùn mí. Wọ́n ní kí n jókòó, kí n máa wò. Nínú ìdánwò tí a fi bírò kọ, mo wà lára àwọn tó ṣe dáadáa jù.

Mo délé, mo pe àwọn ọmọ jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́. Mo ní kí wọ́n máa wọ bàtà òjò, kí wọ́n máa fi nǹkan bo imú, kí wọ́n má jẹun láìfọwọ́. Wọ́n ní, "Ẹ ṣé, Màámi." Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn méjì tó kù bó ti lè ṣe é mọ. Kò pẹ́ tí mo fi parí. Mo lọ sùn, mo gbà pé mo ti kọ́ wọn. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró níwájú pátákó! Nínú kíláàsì mi, bí mo bá kọ́ ọmọ ní ìṣirò, mo máa ń ní kó jáde wá, kó ṣe é lójú mi. Bí kò bá lè ṣe é, kò tíì mọ̀ ọ́n nìyẹn, bó ti wù kó mi orí tó nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀. N kò ní kí ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ yìí po oògùn lójú mi. N kò ní kí wọ́n tú ẹnu pọ́ǹpù lójú mi. Ọ̀rọ̀ awọ ara tí wọ́n fi gbogbo òwúrọ̀ kọ́ wa, n kò mẹ́nu bà á rárá, nítorí ojú ń tì mí láti dárúkọ abẹ́ níwájú àwọn ọmọkùnrin. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n fún mi níbẹ̀ wà nínú wọ́dúróòbù, n kò tíì já ọ̀rá rẹ̀.

Oògùn tó mú ọmọ náà ni chlorpyrifos. Wọ́n ń tà á fún ikán, wọ́n ń tà á fún kòkòrò oko. Ilẹ̀ Yúróòpù ti kọ̀ ọ́ láti oṣù kìíní ọdún 2020, àjọ ìjọba NAFDAC náà sì ti fòfin dè é ní Nàìjíríà láti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2022 tí mò ń sọ yìí, ó ṣì wà lórí àtẹ, owó rẹ̀ sì rọjú. Èmi àti olóko kan la jọ ra kẹ́ẹ̀gì ńlá, a pín in. Kẹ́ẹ̀gì òróró ni mo gba tèmi sí. Èyí tí ìwé wà lára rẹ̀ kù sọ́wọ́ ẹnìkejì mi. Wọ́n ti kọ́ mi pé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rántí ìkìlọ̀ náà bí mo ti ń dà á.

Ọmọ náà sì ti wá bá mi ṣáájú. "Màámi, pọ́ǹpù yìí ń jò o." Mo ní kó fi rọ́bà wé e, pé tí a bá ta kòkó, a ó ra òmíràn. Kò bá mi jiyàn. Ó ti ṣe ìdánwò WAEC, ó ń dúró de èsì, ó sì wá bá mi ṣe oko kí n lè bá a san owó JAMB. Ṣé ọmọ tó wá gba ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ àbúrò ìyá rẹ̀ ni yóò ní òun kò gbé pọ́ǹpù?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóko lọ́jọ́ náà, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́yìn tó lè sọ̀rọ̀. Agolo mílíìkì ló fi wọn oògùn. Ọwọ́ lásán ló kì bọ garawa láti pò ó, títí dé ìgúnpá. Síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé ló wọ̀, nítorí oòrùn mú. Láti òwúrọ̀ ni pọ́ǹpù ti ń jò sí i lẹ́yìn, ó ní òun rò pé òógùn ni. Ẹnu pọ́ǹpù dí, ó gbé e sẹ́nu, ó fẹ́ ẹ, gẹ́gẹ́ bí bàbá ìyá rẹ̀ ti máa ń ṣe. Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ojú rẹ̀ ń ṣú, itọ́ ń dà láìdáwọ́ dúró, ẹran apá rẹ̀ ń tà fúnra rẹ̀. Ó bì. Àwọn alágbàṣe gbé e wọ ahéré, wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n fún un ní epo pupa mu. Àánú ló mú wọn ṣe é. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí wọ́n rán láti sọ fún wọn kò sọ ọ́.

Wọ́n pè mí, mo sáré dé. Mo rí ọmọ tí òógùn bò, tí ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ tutù rinrin, tí gbogbo ara rẹ̀ ń rùn oògùn. Omi wà nínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré. Ọṣẹ wà lórí fèrèsé. Ohun tí mo ṣe ni pé mo tú ìró mi, mo fi wé e lé aṣọ yẹn, kí atẹ́gùn má baà fẹ́ ẹ lórí ọ̀kadà. Mo wé oògùn mọ́ ọn lára. N kò lè sọ pé mo gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́ mi. Ká ní ẹnì kan bi mí léèrè nínú ìdánwò, ǹ bá dáhùn láìṣì. Ọwọ́ mi ni kò mọ̀ ọ́n, nítorí ọwọ́ mi kò ṣe é rí.

Nílé ìwòsàn, dókítà ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀, ó tan iná sí i. Dúdú àárín ẹyinjú rẹ̀ ti sún kì, agbára káká la fi ń rí i. "Oògùn wo ló lò?" Mo ní oògùn kòkó. "Oògùn kòkó wo, Mà?" N kò rántí orúkọ tó wà lára ike tí n kò mú wálé. Ó tún béèrè, mo tún ń ká ọ̀rọ̀ jọ. Ìbéèrè kékeré kọ́. Oògùn tó bá wà nínú ẹ̀yà chlorpyrifos, abẹ́rẹ́ atropine wà tó ń bá a jà. Paraquat tí a fi ń pa koríko kò ní ohun tó ń rọ̀ ọ́ rárá, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí à ń fún aláìsàn gan-an lè mú kó túbọ̀ jó ẹ̀dọ̀fóró. Bí dókítà bá ṣì í mú, ó di wàhálà. Àmì tó wà lára ọmọ náà ni dókítà fi mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ẹnu èmi tí mo ní ìwé ẹ̀rí.

Àwọn nọ́ọ̀sì gé aṣọ kúrò lára rẹ̀, wọ́n wẹ̀ ẹ́ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn béèrè ẹni tó wé ìró mọ́ ọn. Mo ní èmi ni. Atropine tí wọ́n ní lọ́wọ́ tán lóru, nítorí wọ́n ní láti máa fún un léraléra títí omi tó kún inú àyà rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ọmọ mi ọkùnrin ló ń kan ilẹ̀kùn àwọn olóògùn kiri Àkúrẹ́ kó tó rí òmíràn.

Ó yè. A dúpẹ́, a pa adìẹ. Lẹ́yìn tó ti délé, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀. Dókítà ní òmíràn nínú oògùn ẹ̀yà yìí lè ba iṣan jẹ́ lẹ́yìn tí àìsàn àkọ́kọ́ bá ti lọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sípò, tòsì ṣì ń wọ́ nílẹ̀. JAMB ọdún náà lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ń kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe fóònù nísinsìnyí, ó ní iṣẹ́ tí òun lè jókòó ṣe ni òun ń wá. Ó mọ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó ń sọ fún mi nígbà tó ń wé rọ́bà mọ́ pọ́ǹpù nìyẹn. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ló fẹ́ kà ní yunifásítì.

Àwọn alágbàṣe méjì náà padà sílé wọn kí ọdún tó parí. Oògùn kan náà ni wọ́n fín, pọ́ǹpù tiwọn náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi kò mú wọn lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò. N kò tilẹ̀ rò ó. Nígbà tí ó wá sí mi lọ́kàn, wọ́n ti lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kò pariwo. Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, ó ní, "Ìwọ tí o lọ kọ́ ọ, kí ló dé tí o ò kọ́ ọmọ mi?" Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ má bínú." Ó ní òun kò bínú, òun kàn ń béèrè ni. N kò tíì rí èsì fún un títí di òní.

Èyí tó kù láti jẹ́wọ́ ló burú jù. Ọmọ náà ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí alábẹ̀wò ètò kòkó dé oko wa. Ó béèrè ìwé ẹ̀rí, mo gbé e fún un. Ó wo orúkọ, ó wo déètì. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ń fín oògùn, Mà?" Mo ní èmi ni mo ń bójú tó o. Ó fi àmì sí ìwé rẹ̀, ó lọ. Ká ní ó ní kí n gbé pọ́ǹpù kọ́, kí n fín omi lójú òun, àṣírí ì bá tú lójú ẹsẹ̀. Àlékún owó jáde lórí kòkó wa lọ́dún náà, gẹ́gẹ́ bí oko tó ń lo oògùn bó ti yẹ. Owó náà ni mo fi san díẹ̀ nínú gbèsè ilé ìwòsàn.

Nígbà tí mo wá sọ ọ́ ní ìpàdé ẹgbẹ́ lọ́dún kejì, wọ́n yọ oko wa kúrò nínú ètò náà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan dúró dè mí níta, inú bí wọn. Ohun tí mo ṣe kọ́ ló bí wọn nínú. Sísọ tí mo sọ ọ́ ni, nítorí ìwé ẹ̀rí tiwọn náà, orúkọ olóko ló wà lórí rẹ̀.

"Èmi ni mo ń bójú tó o." Mo ti ro gbólóhùn yẹn títí. Mo wá wádìí bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi tí òfin ti múlẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ọgbà ní Ìlú Ọba. Ó ní kí òun tó fọwọ́ kan oògùn koríko, òun kọ́kọ́ ṣe ìdánwò PA1, tí í ṣe ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n PA1 nìkan kò jẹ́ kéèyàn fín ohunkóhun. Ó tún ní láti ṣe PA6, èyí tó wà fún pọ́ǹpù tí a ń fọwọ́ mú, níbi tí ẹni tó ń dán an wò ti dúró tì í tó ń wò bó ṣe ń ṣe é. Ẹ̀rọ tí tírákítọ̀ ń fà, ìwé tirẹ̀ tún yàtọ̀. Ó ní ìgbà kan wà tí wọ́n yọ̀ǹda àwọn àgbà tí wọ́n bí kí ọdún 1964 tó parí, pé kí wọ́n máa fín oògùn lórí ilẹ̀ ara wọn láìní ìwé, nítorí ó ti mọ́ wọn lára. Ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 2015 ni ìyọ̀ǹda náà dópin. Bàbá mi ni mo rántí nígbà tó sọ ọ́.

Ti Amẹ́ríkà ló wá gún mi lọ́kàn jù, nítorí àwọn gbà kí ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó ní in. Òfin tí wọ́n fi ń ṣàkóso oògùn kòkòrò níbẹ̀ ti wà láti ọdún 1947. Lọ́dún 1972 ni wọ́n ya àwọn tó burú jù sọ́tọ̀ fún ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí, tàbí ẹni tí onítọ̀hún ń bójú tó. Ìyẹn jọ ohun tí mo sọ fún alábẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ìlànà tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2017 ti sọ ohun tí ìbójútó jẹ́. Ẹni tó wà lábẹ́ rẹ gbọ́dọ̀ pé ọdún 18, àfi ọmọ inú ilé olóko tó ti pé 16. Kí a kọ́ òun fúnra rẹ̀, kí a sì máa tún un kọ́ lọ́dọọdún. Ìwé ara oògùn gbọ́dọ̀ wà lárọ̀ọ́wọ́tó rẹ̀ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà gbọ́dọ̀ wà tó fi lè bá ẹni tó ń bójú tó o sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ọ̀gá alára kò lè ju ọdún márùn-ún lọ kó tó tún lọ sọ ọ́ dọ̀tun. Ní ti paraquat, wọn kò gba ìbójútó kankan: ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí nìkan ló lè pò ó, òun nìkan ló lè fín in. Mo ka gbogbo rẹ̀, mo fi wé oko tiwa. Kò sí èyí tí mo ṣe.

Nílé níbí, NAFDAC ń gbìyànjú. Lọ́dún 2019 ó lé àwọn ìgò kéékèèké Sniper, oògùn kòkòrò, kúrò lórí àtẹ ọjà, ó sì fòfin de paraquat láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024. Mo yin wọ́n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lé oògùn kan lọ, òmíràn ni a ó rà, pọ́ǹpù tó ń jò kan náà la ó sì rọ ọ́ sí. Ohun tó wù mí jù ni ètò tí CropLife, ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ oògùn oko, ń ṣe ní Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ìfín oògùn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́, tí wọ́n á máa lọ fín oko àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n á sì gbowó iṣẹ́ wọn. Ẹni tó ń gbé pọ́ǹpù ló ni ìwé ẹ̀rí níbẹ̀. Bó bá kúrò lóko mi lọ sí oko ẹlòmíràn, ìmọ̀ rẹ̀ bá a lọ. Ìyẹn tí mo kà sí àdánù tẹ́lẹ̀, èrè ni fún gbogbo agbègbè.

Mo padà lọ kọ́ ọ. Lọ́tẹ̀ yìí mo gbé pọ́ǹpù kọ́, mo tú ẹnu rẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo dárúkọ gbogbo ibi tó yẹ kí n dárúkọ lára ènìyàn níwájú àwọn ọmọkùnrin. Kò sí ẹni tó ń fín oògùn lóko wa mọ́ tí kò kọ́kọ́ fi omi lásán ṣe é lójú mi.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn tó ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò pọ̀. Ẹ má fi í sí àsìkò tí oògùn ń lọ lọ́wọ́, olóko á fi ara rẹ̀ rọ́pò alágbàṣe bí mo ti ṣe. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ Ègùn, ẹ wá ẹni tó gbọ́ Ìgbìrà àti Tífì, nítorí àwọn ni wọ́n ń fín èyí tó pọ̀ nínú kòkó wa. Ẹ̀yin alábẹ̀wò, bí ẹ bá dé oko, ẹ jẹ́ kí ìwé ẹ̀rí wà nínú àpò, ẹ ní kí wọ́n gbé pọ́ǹpù jáde, ẹ ní kí ẹni tó fín èyí tó kẹ́yìn gbé e kọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ wá kọ́ àwọn alágbàṣe agbègbè Ìdànrè nínú oṣù kejì, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ahéré wa gbà wọ́n. Màá dáná oúnjẹ, màá sì san owó ọjọ́ tí àwọn ọmọ náà bá fi jókòó.